Òdòdó Tó Lè Gbé Oòrùn Ìlọrin: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ibi tí oòrùn kì í kúrò kò ṣọ̀wọ́n nílé wa: iwájú géètì, ẹ̀gbẹ́ ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, etí íńtàlọ́kì, orí bákónì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti agbègbè wọn ló ti náwó lórí òdòdó tí wọ́n gbìn síbẹ̀, tó sì kú kí òjò ọdún kejì tó dé. Ohun tí gbogbo ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí dúró lé ni pé oṣù kẹta ló yẹ kéèyàn fi yan òdòdó, kì í ṣe oṣù keje. Nínú òjò, kò sí ewéko tí kì í dán. Ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ rò kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ibi tí mo fẹ́ gbìn ín sí gbóòrùn lóòótọ́?

Ẹ yọjú síbẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ ka wákàtí tí oòrùn fi ń tàn sí i láìsí ohun tó dí i. Tó bá tó wákàtí 6 lọ sókè, ojú oòrùn ni. Ṣùgbọ́n iye wákàtí nìkan kọ́. Oòrùn agogo mẹ́jọ àárọ̀ kì í ṣe ewé ní nǹkan. Ti agogo kan sí mẹ́rin ọ̀sán ló ń jó o. Ibi tó jẹ́ pé ọ̀sán nìkan ni oòrùn ń dé ibẹ̀, kódà bí kò ju wákàtí 4 lọ, ẹ kà á mọ́ ojú oòrùn.

Ẹ wo ohun tó yí i ká pẹ̀lú. Ògiri tí wọ́n kùn ní funfun ń da ìmọ́lẹ̀ padà sára ewé. Íńtàlọ́kì àti kọnkéré ń gba ooru sára látàárọ̀, wọ́n á sì máa tú u jáde títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí ìdí òdòdó kò fi ní rí ìtura. Fẹ́ǹsì páànù le jù wọ́n lọ. Ẹ gbé ọwọ́ lé e ní agogo mẹ́ta ọ̀sán nínú oṣù kejì, ẹ ó mọ ohun tí ojú ewé tó fara tì í ń rí.

Ibòòji wà níbẹ̀ nígbà òjò, àfi bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe dé tí oòrùn gba gbogbo rẹ̀. Kí ló fà á?

Oòrùn ló yí ọ̀nà padà. Ìlọrin wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 8.5 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Láti nǹkan bí àárín oṣù kẹrin títí di òpin oṣù kẹjọ, oòrùn ọ̀sán máa ń tẹ̀ díẹ̀ sí àríwá, ìyẹn ọwọ́ ọ̀nà Jẹ́bà. Ní àwọn oṣù yòókù, gúúsù ló ń gbà, tó bá sì fi máa di oṣù kejìlá, ó ti tẹ̀ síbẹ̀ gan-an. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ gúúsù ilé lè ní ibòòji díẹ̀ ní oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí omi sì ti ń wọ́n, ibẹ̀ gan-an ni oòrùn á dojú kọ láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Ẹ̀gbẹ́ àríwá ilé yẹn kan náà á wà nínú ibòòji lákòókò yẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ìṣirò nìyí, torí pé inú òjò ni a máa ń wo ilẹ̀ tí a fẹ́ gbin nǹkan sí. Ẹ fi gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn sílẹ̀ fún òdòdó tó le, kí ẹ gbé èyí tó lẹ́gẹ́ lọ sí àríwá tàbí ìlà oòrùn.

Ṣé ojú ọjọ́ wa yàtọ̀ sí ti Èkó tàbí Ìbàdàn débi tí kò fi yẹ kí n wo ohun tí wọ́n ń gbìn?

Ó yàtọ̀ tó. Òjò wa sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, kó sì dá ní oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀rùn gidi ni títí di oṣù kẹta, pẹ̀lú ọyẹ́ tó ń fẹ́ láti ọ̀nà Sàhárà ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní. Ọyẹ́ yìí ń fa omi jáde lára ewé kódà nígbà tí ara ń tutù. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, ooru ọ̀sán máa ń kọjá ìwọ̀n 35 lọ́pọ̀ ọjọ́. Atẹ́gùn Èkó ní ọ̀rinrin òkun nínú. Tiwa kò ní in. Òdòdó tí àǹtí yín gbìn sí Lẹ́kí tó ń tàn lọ́dún yípo lè má rí oṣù mẹ́ta lò ní Tánkẹ̀ nílùú Ìlọrin. Bí èèyàn bá ṣe ń sún mọ́ ààlà Èkìtì ni igi ń pọ̀ sí i, tí ilẹ̀ sì ń tutù díẹ̀, nítorí náà ará Òmù-Àrán lè dán ohun tí ará Ìlọrin kò ní dán wò.

Tó bá jẹ́ òdòdó kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbìn, èwo ni kí n mú?

Bougainvillea, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà (South America) ló ti wá. Orúkọ Louis-Antoine de Bougainville, ọ̀gá ọkọ̀ òkun ará Faransé tí àwọn ènìyàn rẹ̀ rí i ní Brazil ní nǹkan bí ọdún 1767, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ó fẹ́ràn oòrùn, ó sì ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀ tó bá ti mú ilẹ̀.

Ẹ já ẹyọ kan, kí ẹ wò ó dáadáa. Ohun aláwọ̀ tí ẹ rí yẹn, ìbáà jẹ́ elésè àlùkò, pupa, funfun tàbí àwọ̀ ọsàn, ewé ni, kì í ṣe òdòdó. Mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n fẹ́lẹ́, ẹ ó rí iṣan wọn bí ẹ bá nà wọ́n sí ìmọ́lẹ̀. Òdòdó gan-an ni ohun funfun tín-ín-rín tó dúró láàárín wọn, tó ṣí ẹnu wínníwínní. Nítorí pé ewé ni, ó máa ń pẹ́ lórí igi ju òdòdó tó rọ̀ lọ. Oòrùn kì í tètè pa á.

Èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù ni pé ẹ̀ẹ̀rùn ló ń múra sí i jù. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, nígbà tí koríko gbogbo àdúgbò ti pọ́n, ìgbà yẹn ló ń bo ògiri. Ó ní ẹ̀gún, ẹ má gbìn ín sí ojú ọ̀nà tí ọmọdé ń gbà sáré. Lórí fẹ́ǹsì, ẹ̀gún yẹn wúlò.

Bougainvillea mi ti dàgbà, ewé nìkan ló ń yọ. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ ń kẹ́ ẹ jù. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á: omi ojoojúmọ́, ajílẹ̀ tó pọ̀ (pàápàá ìgbẹ́ adìẹ), tàbí ibòòji igi máńgòrò tó ti dàgbà bò ó. Ẹ dín omi kù láti ìgbà tí òjò bá ti dá. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ, kí ewé fẹ́ rọ díẹ̀ kí ẹ tó bomi rin ín dáadáa lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún fi sílẹ̀. Ẹ má fi ajílẹ̀ kankan sí i láti oṣù kẹsàn-án.

Orí ẹ̀ka tuntun ló ń yọ òdòdó sí. Tí òdòdó bá ti wọ́ tán, ẹ gé ẹ̀ka gígùn rẹ̀ sẹ́yìn, ó á yọ ẹ̀ka mìíràn. Ẹni tó bá ń rẹ́ ẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó lè gún régé ń gé òdòdó rẹ̀ dànù kó tó tàn ni.

Kí ni mo lè gbìn tẹ̀ lé fẹ́ǹsì tàbí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà géètì tí kò ní ẹ̀gún?

Allamanda olódòdó ìyeyè dára púpọ̀. Ó ń gùn bí ẹ bá gbé igi sílẹ̀ fún un, ó sì ń dúró bí igbó kékeré bí ẹ bá ń gé e. Tecoma, òun náà olódòdó ìyeyè, le jù ú lọ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Pride of Barbados (òdòdó pupa òun ìyeyè tó dúró lórí ọ̀pá, tí ewé rẹ̀ rí wẹ́wẹ́) rọrùn láti inú hóró. Ẹ rẹ hóró rẹ̀ sínú omi mọ́jú kí ẹ tó gbìn ín. Àwọn kan lára wọn ní ẹ̀gún ṣáṣá lára igi, ẹ fọwọ́ kàn án wò kí ẹ tó rà. Hibiscus gbogbo wa mọ̀: ọjọ́ kan ni òdòdó rẹ̀ ń lò, ṣùgbọ́n òmíràn ti ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó fẹ́ omi ju àwọn yòókù lọ.

Ixora ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí òun ni àwọn èèyàn ń rà jù fún etí ọ̀nà, tí ó sì ń já wọn kulẹ̀ jù. Kì í ṣe oòrùn ló ń pa á. Ixora fẹ́ ilẹ̀ tó kan díẹ̀ (ìyẹn ilẹ̀ tó ní ásíìdì nínú), ilẹ̀ ilé tuntun kì í sì í rí bẹ́ẹ̀. Bíríkìlà á ti da àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì, àjákù búlọ́ọ̀kù àti èérún pilásítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n á wá fi ilẹ̀ pupa bò ó. Ẹfun inú sìmẹ́ǹtì yìí kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí irin tó wà nínú ilẹ̀ lò. Bí ó ṣe ń hàn rèé: ewé tuntun á pọ́n, ṣùgbọ́n iṣan inú rẹ̀ á ṣì tutù yọ̀yọ̀. Bí ẹ bá rí èyí, omi kò ní wò ó sàn. Ẹ hú pàǹtí sìmẹ́ǹtì yẹn kúrò, kí ẹ kó ilẹ̀ dúdú àti ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà sí i, kí ẹ má sì da eérú sí ìdí rẹ̀, nítorí eérú náà ń ṣe irú iṣẹ́ tí ẹfun ń ṣe. Ẹni tí kò bá lè hú ilẹ̀ yẹn, kó gbin Tecoma.

Mo fẹ́ nǹkan kúkúrú tó máa bo ilẹ̀, tí kò ní ga.

Portulaca ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹbí pápásan tó ń hù ní oko ni. Ewé rẹ̀ nípọn, omi ló wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀gbẹlẹ̀ kì í fi tètè rí i mú. Oòrùn ló ń ṣí òdòdó rẹ̀: bí ọjọ́ bá ṣú dẹ̀dẹ̀, kò ní ṣí dáadáa, bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ó ti pa dé. Ẹni tó ń jáde agogo méje àárọ̀, tó ń wọlé agogo mẹ́fà, lè gbìn ín kó má rí òdòdó rẹ̀ àfi ní ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀, tannápoṣó ni mo máa ń sọ fún un. Nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni tirẹ̀ ń ṣí, ó ń ta sánsán lálẹ́, ó sì lè ní pupa, funfun àti ìyeyè lórí igi kan ṣoṣo. Tó bá di àárọ̀, ó ti káwọ́. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, igi rẹ̀ lè kú lókè, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ tó tóbi á dúró de òjò nínú ilẹ̀.

Vinca náà wà, olódòdó píǹkì tàbí funfun tí a máa ń rí níbi sàréè. Òun kì í bínú sí oòrùn rárá. Omi tó dúró sí ìdí rẹ̀ ló ń pa á, nítorí náà ẹ gbé ilẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀ nígbà òjò. Gomphrena, zinnia àti marigold, láti inú hóró ni. Wọ́n yá kánkán, wọ́n sì ń parí lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Ṣé kò sí èyí tí a lè jẹ nínú wọn?

Ó wà, ó sì dùn mọ́ mi pé ẹ béèrè. Ìsápá tí a fi ń ṣe sobo ẹbí hibiscus ni, òdòdó rẹ̀ sì lẹ́wà: aláwọ̀ wàrà, ojú rẹ̀ pupa dúdú ní àárín. Oòrùn pọ́nńbélé ló fẹ́. Gígùn ọjọ́ ló ń tẹ̀ lé, bí ọjọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí kúrú lẹ́yìn oṣù kẹsàn-án ló ń tàn, nítorí náà èyí tí ẹ bá gbìn ní oṣù kẹfà tàbí oṣù keje á ti di igi tó ga kó tó tàn. Lẹ́yìn òdòdó ni agolo pupa tó nípọn tí a ń já sá fún sobo máa ń wú. Ìsápá funfun ti ẹ̀fọ́ ni, ó dára fún ẹni tó fẹ́ fi se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ẹ tò wọ́n sẹ́yìn fẹ́ǹsì ní mítà kan síra.

Ṣọkọ yòkòtò náà, bí ẹ kò bá já gbogbo rẹ̀ jẹ, á yọ ṣóńṣó òdòdó aláwọ̀ píǹkì òun fàdákà tó ń pẹ́ lórí igi. Àti ilá! Ẹ wo òdòdó ilá ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ kí ẹ tó sọ pé ohun ọbẹ̀ lásán ni.

Ewúrẹ́ àdúgbò kì í jẹ́ kí nǹkan hù. Èwo ni wọn kì í jẹ?

Ewúrẹ́ tí ebi ń pa ní oṣù kejì kò ní ohun tí kò lè tọ́ wò. Hibiscus ni wọ́n fẹ́ràn jù, ẹ má gbìn ín síta láìsí ààbò. Frangipani, tó ní oje funfun, àti Euphorbia ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní crown of thorns ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá gbìn, ẹ fi ẹ̀gún tàbí wáyà yí i ká fún ọdún àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà ní ìdí ìbéèrè yìí wúwo ju jíjẹ ewé lọ. Àwọn òdòdó kan tí ẹran kì í jẹ, májèlé ni wọ́n. Oleander, tó rẹwà tó sì ń fara da oòrùn gan-an, ń pa ẹran àti ènìyàn. Ọkàn ni oje rẹ̀ ń bá jà, ewé rẹ̀ tó ti gbẹ náà léwu. Olómi-ojò, olódòdó ìyeyè tí èso rẹ̀ ní igun, irú rẹ̀ ni. Ẹ rántí àgbò Iléyá tí a máa ń so mọ́ ibi tó bá yá fún ọjọ́ mélòó kan: ẹran tí wọ́n so, tí kò rí koríko mìíràn, lè jẹ ohun tí kì bá fẹnu kàn. Níbi tí ọmọ kékeré tàbí ẹran bá wà, mi ò ní gbin méjèèjì.

Vinca náà, ẹ má ṣe sè é mu fún àìsàn kankan. Lóòótọ́ láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti rí vincristine, oògùn tí ilé ìwòsàn ń lò fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lò pẹ̀lú ìṣọ́ra púpọ̀. Àgbo rẹ̀ lè ba ara jẹ́. Adenium pẹ̀lú, tí ìdí rẹ̀ wú bí igo, oje rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi kun ọfà ní òkè Ọya láti ayébáyé. Ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá gé e.

Ìgbà wo ni kí n gbìn?

Ẹ má tẹ̀ lé òjò àkọ́kọ́. Òjò oṣù kẹta tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin lè rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oòrùn ìgbà yẹn ló sì gbóná jù lọ́dún. Ẹ jẹ́ kí òjò fìdí múlẹ̀: oṣù karùn-ún sí oṣù keje ni fún igi àti igbó òdòdó, kí gbòǹgbò wọn lè lọ jìnnà kí oṣù kọkànlá tó dé. Èyí tí ẹ bá gbìn ní oṣù kẹwàá, ẹ ó máa bomi rin ín bí ọmọ ọwọ́ títí di oṣù kẹrin. Hóró zinnia, marigold àti gomphrena ni mo máa ń fẹ́ kéèyàn gbìn ní oṣù kẹsàn-án, torí wọ́n á tàn sínú ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó oṣù kọkànlá àti oṣù kejìlá.

Ilẹ̀ wa yángí ni. Ṣé òdòdó lè hù níbẹ̀?

Ó lè hù, bí ẹ kò bá gbẹ́ kòtò kan ṣoṣo kí ẹ kàn ki òdòdó bọ̀ ọ́. Kòtò inú yángí ń di abọ́ omi nígbà òjò, gbòǹgbò á sì jẹrà nínú rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ kó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ìdí òdòdó náà, ẹ rọ omi kún un, kí ẹ padà wò ó ní ọjọ́ kejì. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ fi búlọ́ọ̀kù mọ ibùsùn gíga kí ẹ kó ilẹ̀ sí i. Bí ó bá ti fà, ẹ po ilẹ̀ tí ẹ gbẹ́ jáde mọ́ ìgbẹ́ màlúù tó ti pẹ́ àti ilẹ̀ dúdú, kí ẹ dá a padà.

Báwo ni kí n ṣe máa bomi rin ín?

Lẹ́ẹ̀kan dáadáa sàn ju díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ lọ. Omi tí kò wọlẹ̀ ju ìka kan lọ ń fa gbòǹgbò wá sókè, ibẹ̀ sì ni ilẹ̀ ti ń gbóná jù. Fún òdòdó tuntun ní ẹ̀ẹ̀rùn, nǹkan bí lítà 5 lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kó tó agogo mẹ́jọ àárọ̀ tàbí lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ewé tó rọ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán tó sì padà bọ̀ sípò ní alẹ́, òùngbẹ kọ́ ló ń gbẹ ẹ́, ooru ni. Èyí tó ṣì rọ láàárọ̀ ni kí ẹ sáré bomi rin.

Ilé tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá nígbà márùn-ún lójúmọ́ ní omi tó mọ́ tó ń ṣàn lọ lásán. Ẹ la ojú ọ̀nà fún un sí ìdí hibiscus tàbí allamanda. Ẹ má jẹ́ kó lọ sí ìdí bougainvillea tàbí vinca.

Ẹ fi èèpo ẹ̀pà tàbí koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, kó nípọn tó ìka mẹ́ta, ẹ sì fi àyè ọwọ́ kan sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ìdí igi, nítorí ikán.

Orí bákónì ni mo ní. Ṣé ìkòkò máa ṣiṣẹ́?

Á ṣiṣẹ́ fún portulaca, adenium, Euphorbia ẹlẹ́gùn-ún àti bougainvillea. Ìkòkò amọ̀ bí irú èyí tí àwọn ìyá amọ̀kòkò ń mọ ní Òkèlele nílùú Ìlọrin dára, torí omi ń gba ara rẹ̀ jáde, ìyẹn sì ń mú ìdí òdòdó tutù. Ẹ sáà lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ike dúdú ń se gbòǹgbò lójú oòrùn. Bí ike dúdú ni ẹ ní, ẹ kùn ún ní funfun.

Rósì ńkọ́?

Jos ni ilé rósì nílẹ̀ yìí, nítorí òtútù ibẹ̀. Ní Ìlọrin ó lè yè níbi tí oòrùn àárọ̀ nìkan ń dé, pẹ̀lú ìtọ́jú púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú oòrùn ọ̀sán kì í ṣe àyè rẹ̀. Tulip kò lè tàn rárá láìsí òtútù ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Hóró “rósì aláwọ̀ aró” tí wọ́n ń polówó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi owó yín ṣòfò.

Kí ni kí n wò nígbà tí mo bá ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì?

Ẹ béèrè ibi tó ti ń dàgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, abẹ́ nẹ́ẹ̀tì tàbí abẹ́ igi ni wọ́n ti ń tọ́jú òdòdó, ewé tó sì mọ ibòòji á jóná lójú oòrùn lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá gbé e síbẹ̀. Kì í ṣe pé irú òdòdó náà kò dára. Ẹ fún un ní oòrùn àárọ̀ nìkan fún ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́rin, kí ẹ máa fi kún un títí ọjọ́ mẹ́wàá á fi pé. Ẹ yẹ ìsàlẹ̀ ọ̀rá dúdú náà wò: bí gbòǹgbò bá ti yọ síta tó ti nípọn, ó ti pẹ́ nínú rẹ̀ jù, ó sì ti lọ́ mọ́ra. Ẹ̀ka púpọ̀ láti ìsàlẹ̀ sàn ju òdòdó púpọ̀ lókè lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: “Nígbà oṣù kẹta, ibo lẹ gbé e sí?” Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn lójú ẹsẹ̀.

Kòkòrò ń jẹ ewé mi tán nígbà ọyẹ́.

Tata aláràbarà ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú. Nǹkan bí oṣù kọkànlá ni àwọn ọmọ rẹ̀ dúdú alámì ìyeyè ń pa, wọ́n á sì kó jọ sórí ewé Akíntọ́lá lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Ẹ lọ bá wọn níbẹ̀ láàárọ̀ kùtù, nígbà tí òtútù kò tíì jẹ́ kí wọ́n lè fò, kí ẹ gbọ̀n wọ́n sínú omi ọṣẹ. Tó bá di oṣù kejì, wọ́n ti dàgbà, apá kò ní ká wọn mọ́. Kòkòrò tó ń hu òwú funfun sí ọrùn hibiscus, omi tí ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́, kì í ṣe lójú oòrùn.

Bàbá wa ní òdòdó ń fa ejò àti ẹ̀fọn.

Bàbá kò parọ́. Igbó òdòdó tó wó lulẹ̀, tí pàǹtí kún ìdí rẹ̀, ejò lè sá sí i. Ẹ gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ dé orúnkún, kí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ máa hàn. Ti ẹ̀fọn, abọ́ tó wà lábẹ́ ìkòkò ni: ẹ̀fọn ń di odindi nínú omi láàárín nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10, ẹ da omi yẹn nù ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta.

Ilé tí mo kọ́ sílé ní Òró, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ni mo ń dé ibẹ̀. Ṣé ó tọ́ kí n gbin nǹkan kan?

Ó tọ́, ilé ọmọ Ìgbómìnà tó wà lẹ́yìn odi kò yẹ kó ṣófo. Ẹ gbin bougainvillea, Tecoma àti frangipani ní oṣù kẹfà, kí ẹ bẹ ẹnì kan nílé kó bomi rin wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ yẹn nìkan. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dá dúró. Ẹ mọ̀ pé frangipani máa ń wọ́ ewé rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà bí ẹ bá wálé fún Kérésìmesì tí ẹ rí i ní ìhòòhò, kò kú. Ẹ há ẹ̀ka rẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú èékánná, ẹ ó rí àwọ̀ ewé lábẹ́ èèpo. Bougainvillea ló máa kí yín káàbọ̀ lákòókò yẹn. Flamboyant náà lágbára, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ ń tẹ̀ lé òkè ilẹ̀, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé àti kànga ìdọ̀tí.

Ṣé mo lè gé ẹ̀ka lára ti aládùúgbò dípò kí n rà?

Ẹ tọrọ rẹ̀, kí ẹ gé e ní oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹfà. Ti bougainvillea, ẹ̀ka tó ti gbó tó sì nípọn tó pẹ́ńsù, ní gígùn nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ já ewé rẹ̀, ẹ ki ìdajì rẹ̀ bọ ilẹ̀ oníyanrìn lábẹ́ ibòòji, ẹ má sì fà á wò títí ewé tuntun á fi yọ. Ti frangipani, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀ka náà sílẹ̀ lábẹ́ ibòòji fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ. Bí ẹ bá gbìn ín ní tútù, ó á jẹrà láti ìsàlẹ̀.